Ọmọ Télọ̀ Lọ Kọ́ Sinimá

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, ní ọjọ́ tí ọmọ télọ̀ kan ní Ìdí-Òrò, Múṣin, fẹ́ lọ gba fọ́ọ̀mù ìdánwò àtiwọ yunifásítì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ bàbá rẹ̀ títí tí oníbàárà tí wọ́n ń wọn aṣọ fún fi lọ tán. Ọmọbìnrin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu òun kì í ṣe èyí tí a ń sọ lójú àlejò. Bàbá bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ lọ kọ́. Ó ní ẹ̀kọ́ fíìmù ni. Bàbá kò pariwo. Ó ká téèpù ìwọnṣọ mọ́ ọwọ́, ó tú u, ó tún un ká, ó sì wí pé, "Ìyá mi, fíìmù tí wọ́n ń yà lójú títì ní Sùúrùlérè yẹn náà ni?"

Ọmọ dáhùn pé, "Òun ni, ẹ̀yin Bàbá mi."

"Ṣé ó wá ku ohun tí wọ́n ń kọ́ nínú ìyẹn tí ó fi di ti yunifásítì?"

Ọ̀rọ̀ tí bàbá náà sọ ní ọjọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òpè. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dá dúró, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí òun ti kọ́ ti lé ní ogún. Bí wọ́n bá lo ọdún mẹ́ta, òun a pe àwọn òbí wọn jọ, òun a gbàdúrà fún wọn, wọn a gba fíríídọ̀ọ̀mù, wọn a sì lọ ṣí ìsọ̀ tiwọn. Ẹni tí ó bá lè kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, ó ní kò sí ìdí tí yóò fi gbé owó lọ fún yunifásítì. Ohun tí kò ṣeé kọ́ ní ìsọ̀ ni kí ènìyàn lọ kọ́ níbẹ̀: òfin, ìṣègùn, ìṣirò owó. Ìṣirò owó gan-an ni òun fẹ́ fún ọmọ yìí, nítorí pé orí rẹ̀ pé nínú ìṣirò láti kékeré. Bí ó bá jẹ́ fíìmù ni ó wù ú, kí ó rékọjá Ojúẹlẹ́gba, kí ó wá ọ̀gá kan ní Sùúrùlérè, kí ó san owó ìkọ́ṣẹ́.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè rò pé bàbá náà kò mọ sinimá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ilé sinimá kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni ní apá ibẹ̀. Idera wà ní Múṣin, Jebako wà ní Ìdí-Òrò gan-an, Super sì wà ní Sùúrùlérè. Fíìmù àwọn ará Íńdíà àti ti àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ń ta ìpá, tí wọ́n ń ju ẹ̀ṣẹ́, ni ó pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń fi hàn. Ṣùgbọ́n bí ọdún Àjíǹde tàbí ọdún Kérésìmesì bá dé, Ìgànmú ni èrò ń wọ́ lọ, ní ilé ìṣeré ńlá tí ó dà bí fìlà sójà, èyí tí ìjọba kọ́ parí ní ọdún 1976 fún àjọ̀dún FESTAC, tí wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí ti Wọlé Ṣóyínká ní ọdún 2024. Níbẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ kó gbogbo ọmọ ìsọ̀ lọ láti wo fíìmù Ògúndé. Aṣọ àǹkárá kan náà ni gbogbo wọn wọ̀. Àwọn ni wọ́n rán an.

Ìtàn Bàbá Sàlá ni ó ti ìlẹ̀kùn náà mọ́ ọn lọ́kàn. Kò sí ẹni tí kò mọ Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ní ìgbà náà. Ní ọdún 1982 ni ó gbé fíìmù rẹ̀, Ọ̀run Móoru, jáde. Owó ńlá ni ó ná sí i, gbèsè sì wà nínú owó náà. Kí ó tó rí èrè rẹ̀ kó jọ, àwọn olè ti da fíìmù náà kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, ó sì ti wọ inú ilé àwọn ènìyàn káàkiri. Ẹni tí ó ń pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín di ẹni tí gbèsè ń lé kiri. Bàbá télọ̀ a máa sọ pé bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn tí ó tó Bàbá Sàlá lè kan irú èyí, kí ni ti ọmọ tálákà ní Múṣin? Ìbéèrè rere ni. Ìdáhùn tí ọmọ náà fún un ní ọjọ́ kan yà á lẹ́nu díẹ̀: ó ní ní yunifásítì ni wọ́n ti ń kọ́ni ní òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà àti bí a ti í ṣe àdéhùn, bí a ti í pa ojúlówó fíìmù mọ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn má baà tó o. Bàbá ní òfin kò dí olè lọ́wọ́. Èyí náà kì í ṣe irọ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá náà obìnrin, tí ó ń ta aṣọ ní ọjà Tẹ́júoṣó, ni ó tán ìjà. Ó wọlé ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ó gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, ó wá kọjú sí àbúrò rẹ̀. Ó ní, "Ṣé o ti gbàgbé pé iṣẹ́ akọ̀wé ni Bàbá wa fẹ́ fún ọ, tí o sá lọ kọ́ télọ̀?" Bàbá kò fèsì. Wọ́n wá fẹnu kò pé Àkọkà ni ọmọ náà yóò kọ́kọ́ yàn, ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìgbéròyìn-jáde, nítorí pé ẹ̀ka yẹn ti pẹ́. Láti ọdún 1966 ni ó ti wà ní Yunifásítì Èkó. Bàbá rò pé bóyá ọmọ òun a di ẹni tí ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n máàkì rẹ̀ kò tó ti Àkọkà. Yunifásítì ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn ni ó gbà á, ẹ̀ka eré ìtàgé àti fíìmù gan-an ni wọ́n sì fi í sí. Ìyá rẹ̀ ní Ọlọ́run ni ó ṣe é. Bàbá san owó náà láìsọ ohunkóhun.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìsọ̀ àti ilé-ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé ó ti wà nínú ìtàn fíìmù Yorùbá láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn kan a máa wí pé ta ni ó kọ́ Ògúndé? Òótọ́ ni pé Hubert Ògúndé ti ṣe olùkọ́ ilé-ìwé, ó sì ti ṣe ọlọ́pàá, kí ó tó dá ẹgbẹ́ eléré rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1945, kò sì sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan tí ó lọ nítorí fíìmù. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í rántí ẹni tí ó dúró nídìí Aiyé ní ọdún 1979. Ọlá Balógun ni ó darí rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ sinimá tí a ń pè ní IDHEC ní Paris ni ó sì ti kọ́ṣẹ́. Balógun yìí náà ni ó gbé Àjàní Ògún jáde ní ọdún 1976, fíìmù tí Adéyẹmí Afọláyàn, Adé Love, àti Dúró Ládiípọ̀ ti ṣeré. Òun náà ni ó darí Ọ̀run Móoru fún Bàbá Sàlá. Ògúndé mọ ohun tí èrò ń fẹ́: ó mọ ìgbà tí orin yóò wọlé, ó mọ bí àjẹ́ ti í dẹ́rù ba ènìyàn. Balógun mọ ohun tí ojú ẹ̀rọ ń rí. Kò sí èyí tí ó lè dá fíìmù náà ṣe nínú àwọn méjèèjì, bí ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lẹ́yìn wọn. Túndé Kèlání, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1948, kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ fọ́tò, ó ṣiṣẹ́ ní tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ni ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù ní London. Àwọn olùkọ́ Yorùbá jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́, nítorí òun ni ó sọ Ó Le Kú, ìwé ìtàn-àròsọ Akínwùmí Ìṣọ̀lá tí ó jáde ní ọdún 1974, di fíìmù ní ọdún 1997. Ti Ṣaworoidẹ yàtọ̀: fíìmù ni ó kọ́kọ́ jẹ́ ní ọdún 1999, kí ó tó di ìwé eré-onítàn tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wo fíìmù náà tán tí ó sì gbà pé òun ti ka ìwé, kí ó má ṣe dá ara rẹ̀ lójú bí ó bá dé yàrá ìdánwò. Kúnlé Afọláyàn ní tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ Adé Love, iṣẹ́ báńkì ni ó kọ́kọ́ ṣe. Ó lọ sí New York Film Academy kí ó tó gbé Ìràpadà jáde ní ọdún 2006. Àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà kò sì níí gbàgbé pé Ousmane Sembène ti ṣiṣẹ́ ní èbúté rí, ó ti kọ ìwé ìtàn jáde, ó sì ti ń lọ sí ẹni ogójì ọdún kí ó tó lọ jókòó gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ fíìmù ní Moscow.

Ìlú òkèèrè ni gbogbo wọn lọ. Ní ọdún 1995 ni ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù ti ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní Jos. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí ìjọba gbé jáde fún àwọn yunifásítì ní ọdún 2022, wọ́n tú ẹ̀kọ́ ìgbéròyìn-jáde sí ọ̀nà púpọ̀, fíìmù sì di ọ̀kan tí ó dá dúró nínú wọn. Ọmọ télọ̀ kò ní láti wọ ọkọ̀ òfurufú mọ́. Kámẹ́rà tí yóò lò ni ó kù.

Ibẹ̀ sì ni ìṣòro wà. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wọ̀, kámẹ́rà méjì ni ó wà fún gbogbo ẹ̀ka, ọ̀kan nínú wọn kò sì ní bátìrì. Orí pátákó ni wọ́n ti ń ya àwòrán ẹ̀rọ tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn. Síbẹ̀, ohun tí ó rí gbà nínú ọdún kìíní kì í ṣe kékeré. Olùkọ́ kan fi fíìmù Vittorio De Sica hàn wọ́n, èyí tí ó jáde ní Ítálì ní ọdún 1948, nípa bàbá kan tí ó rí iṣẹ́ lílẹ ìwé mọ́ ògiri lẹ́yìn tí ó ti pẹ́ tí ó ti ń wáṣẹ́ kiri. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n sì jí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní. Òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń wá kẹ̀kẹ́ náà kiri ìlú Róòmù. Ọmọbìnrin náà sọ ìtàn yìí fún bàbá rẹ̀ lórí tẹlifóònù. Bàbá, tí wọ́n ti jí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ gbé rí ní ọdún tí ó kọ́kọ́ dá dúró, dákẹ́ títí ó fi parí, ó wá béèrè pé, "Ṣé ó padà rí i?"

"Kò rí i, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé kò níí rí i." Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń béèrè pé èwo ni wọ́n tún fi hàn yín.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé ọdún 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Oṣù mẹ́jọ ni ó gbà. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ padà sílé. Àwọn kan ń ta rẹ̀káàdì, àwọn kan lọ kọ́ṣẹ́ irun. Aládùúgbò kan tí ń báni gbé iná kiri ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù mú ọmọ télọ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Agogo márùn-ún ìdájí ni wọ́n máa ń dé ibẹ̀. Òun ni ó ń ra omi, òun ni ó ń lọ bẹ àwọn ará ilé kejì pé kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ wọn. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ariwo ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ń tún ìran kan yà, ó sì wí pẹ̀lẹ́ sétí ẹni tí ó dúró tì í pé gèlè tí ìyá yẹn wé lánàá, apá òsì ni ó ṣẹ́ lé, àti pé bùbá rẹ̀ kì í ṣe ìyẹn, nítorí pé ọrùn ti àná ní ìgbátí, ti òní kò ní. Wọ́n wo àwòrán àná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fún un ní ìwé àti bírò pé kí ó máa kọ gbogbo ohun tí ó bá hàn sílẹ̀, kí ti òní má baà yàtọ̀ sí ti àná. Ọmọ tí ó ti ń já òwú lára aṣọ láti ìgbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, ojú rẹ̀ kò lè ṣàì rí ìgbátí.

Owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù kẹsàn-án, ẹnì kan tí ń gbé owó kalẹ̀ fún fíìmù wí fún un pé kí ó wá máa bá òun ṣe é títí ọdún yóò fi parí. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Ayé wá yí padà bírí: bàbá tí kò fẹ́ fíìmù ni ó ń sọ pé kí ó gba iṣẹ́ náà. "Ta ni ó ń padà sí ilé-ìwé lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti wá ọ dé ilé? Ṣé o rí i pé ohun tí mo sọ ní ọjọ́ kìíní náà ni? O ti wà ní ìsọ̀. Dúró níbẹ̀ kí o gba fíríídọ̀ọ̀mù rẹ." Ìyá náà gbè é lẹ́yìn, nítorí pé ọmọ méjì ni ó ṣì kù láti rán níwèé, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ọjọ́ tí ìyanṣẹ́lódì yóò tán. Kò sí ẹni tí ó lè dá wọn lẹ́bi.

Ọmọ náà ní òun yóò padà. Ohun tí ó sọ fún wọn gẹ́gẹ́ bí ìdí nìyí. Wọ́n ń ya ìran tọkọtaya tí wọ́n jókòó kọjú síra, tí wọ́n ń bá ara wọn jà. Nígbà tí wọ́n wo àwòrán náà, kò dára. Ó dà bí ẹni pé ọkọ àti aya ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, tí wọn kò sí nínú ilé kan náà. Gbogbo ènìyàn rí i pé kò dára, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ ohun tí ó ṣe é. Àgbà ayàwòrán kan wá gbé kámẹ́rà padà sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n tún gbogbo rẹ̀ yà, owó ọjọ́ kan sì ṣòfò. Ọmọbìnrin náà kí i, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Kí ló dé tí ó fi ní láti jẹ́ apá ibẹ̀?" Ọkùnrin náà, tí kò burú, tí ó sì mọ iṣẹ́, dá a lóhùn pé, "Bí a ṣe bá a nìyẹn."

Gbólóhùn yìí ni ọmọ náà gbé ka iwájú bàbá rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ni ẹ sọ ìtàn léèsì fún wa." Nígbà tí bàbá wà lẹ́nu iṣẹ́, ó bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè ìdí tí wọn kì í fi í gé aṣọ dá ọ̀nà òwú kọjá. Ọ̀gá ní bí òun ṣe bá a nìyẹn. Nítorí pé kò mọ ìdí, ní ọjọ́ kan tí aṣọ kò tó, ó gé léèsì oníyebíye oníbàárà kan dá ọ̀nà òwú kọjá kí ó lè rí apá mú jáde. Ó dára lójú. Lẹ́yìn fífọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì, apá náà yí bí okùn. Oṣù mẹ́fà ni ó fi san owó léèsì náà. Ìdí nìyí tí kò fi sí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí kì í kọ́kọ́ mú fa òwú jáde lára aṣọ, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ọ̀nà tí aṣọ ń gbà.

Bàbá wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Lọ béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ wọn."

Ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ni ìyanṣẹ́lódì tán. Kí ọdún náà tó parí, olùkọ́ kan ti fi ẹfun fa ìlà kan sílẹ̀ láàárín àga méjì. Ó ní láàárín ẹni méjì tí wọ́n kọjú síra, irú ìlà yìí wà tí a kò fojú rí. Apá kan rẹ̀ tí kámẹ́rà bá ti bẹ̀rẹ̀ ni kí ó máa wà, nítorí pé bí ó bá fo ìlà náà, ẹni tí ń wo ọ̀tún yóò di ẹni tí ń wo òsì, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ yóò sì jọ máa wo apá kan náà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀ gbà. Olùkọ́ náà fi kún un pé ẹni tí ó bá mọ ìlà náà ni ó lè mọ̀ọ́mọ̀ fò ó, bí ó bá fẹ́ kí ojú òǹwòran pòòyì. Ọmọ télọ̀ kọ èyí sílẹ̀, ó fà á nídìí.

Ìwé àpilẹ̀kọ tí ó kọ ní ọdún tí ó kẹ́yìn dá lórí àwọn fíìmù Yorùbá tí a yà láàárín ọdún 1976 àti 1988, kí fídíò tó gba ipò wọn. Ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ni ó tó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sí ní ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè rí wọn wò. Orí fíìmù ojúlówó ni wọ́n yà wọ́n sí. Ooru a máa ba irú rẹ̀ jẹ́, ọ̀rinrin náà a máa bà á jẹ́. Ó kà nípa Shaihu Umar, fíìmù Hausa tí Adamu Halilu yà ní ọdún 1976, bí wọ́n ti wá rí i padà ní ilé ìpamọ́ ní Jos lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti rò pé ó ti sọnù, tí wọ́n tún un ṣe ní Jámánì, tí wọ́n sì fi hàn ní Berlin ní ọdún 2018. Olùkọ́ tí ń tọ́ ọ sọ́nà ní bí kò bá rí fíìmù, kí ó wá àwọn tí wọ́n wò ó kí wọ́n tó kú tán.

Nítorí náà ni ó ṣe gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ nínú ìsọ̀ ní Ìdí-Òrò ní ọjọ́ Sátidé kan ní ọdún 2025. Bàbá ti lọ wọ agbádá. Ó bẹ̀ ẹ́ títí kí ó tó bọ́ ọ, kí ó tún gbé téèpù kọ́ ọrùn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ̀ kó wọn dé Ìgànmú. Ó sọ bí ibẹ̀ ti kún tó, bí Ògúndé ti yọ gẹ́gẹ́ bí Ọ̀ṣẹ́tùúrá nínú Aiyé, bí àwọn àjẹ́ ti pé jọ, tí obìnrin kan tí ó jókòó níwájú wọn sì dìde tí ó fẹ́ sá jáde, tí ọkọ rẹ̀ fi ń fà á láṣọ padà. Ó dìde, ó fi ọwọ́ júwe ibi tí iná ti ń wá. Ọmọ rẹ̀ bi í pé lójú òṣèré tàbí láti ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá di ojú, ó rò ó.

"Láti ẹ̀yìn ni. Duro ná." Ó ti la ojú, ó ti ń wo ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ó jókòó ní igun ìsọ̀. "Ìwọ, apá ọ̀tún ni o rán mọ́ òsì yẹn. Tú u." Ó tún kọjú sí kámẹ́rà. "Láti ẹ̀yìn ni iná náà ti wá. A kò rí ojú rẹ̀ rárá."